Ọ̀rọ̀ Ìdílé: Ogún Tí A Ń Gbàgbé

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó ní agbo ilé kan ní Ìyámoyè, ní ilẹ̀ Ìjùmú, níbi tí ìyá àgbà kan gbé ń ṣa obì sínú agbọ̀n. Ó pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, ẹni tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ilé-ìwé kékeré, ó ní, “Ka márùndínláàádọ́ta fún mi wá.” Ọmọ náà dúró, ó ń wo ojú ìyá àgbà. Ìgbà tí ẹnì kan sọ iye náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó tó sáré lọ kà á. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín; àwa náà rẹ́rìn-ín; ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín, ọ̀ràn náà kò sì tíì kúrò ní ọkàn wa.

Kí ni ọmọ náà pàdánù? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọgbọ́n ìṣirò ni. Ogún ni àwọn baba wa fi ṣe ìpìlẹ̀ òǹkà: ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún mẹ́wàá ni igba. Ẹni tí ó bá wí pé márùndínláàádọ́ta ti mú ọgọ́ta, ó ti yọ ẹ̀wá kúrò, ó sì tún ti yọ àrún, kí ó tó la ẹnu. Àlùfáà Adolphus Mann ti ìjọ C.M.S. kọ̀wé ní 1887 nípa bí àwọn tí ń ka owó ẹyọ ti í ṣe é: wọn a fà á jáde ní márùn-ún márùn-ún títí yóò fi pé ogún, ogún márùn-ún a di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì a di igba.

Ní ọ̀nà jíjìn réré, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Mẹ́síkò àti Guatemala lónìí, àwọn ènìyàn Maya àtijọ́ pẹ̀lú fi ogún ṣe ìpìlẹ̀ òǹkà wọn. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́ pé baba wọn àti baba wa pàdé rí. Àmì róbótó kékeré ni ení, ìlà gbọọrọ ni àrún, àwòrán ìkarahun sì dúró fún òfo. Fún márùndínláàádọ́ta, róbótó méjì ni wọn yóò kọ sókè fún ogún méjì, àti ìlà kan nísàlẹ̀ fún àrún: wọ́n ń rò ó pọ̀, àwa ń yọ kúrò. Wọ́n pín ọdún sí oṣù 18, oṣù kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ 20, pẹ̀lú ọjọ́ 5 lé e, ó jẹ́ 365. Wọ́n sì mọ ìrìn àgùàlà lójú ọ̀run dájúdájú.

Ṣùgbọ́n ní 1562, ní ìlú Maní, Diego de Landa, àlùfáà ará Sípéènì, dáná sun ìwé wọn. Nínú gbogbo ìwé àtijọ́ wọn, mẹ́rin péré ni a mọ̀ pé ó kù.

Ta ni ó dáná sun tiwa? Kò sí ẹnì kan. Àwa fúnra wa ni a ń jẹ́ kí ó kú ní ìdákẹ́jẹ́, ní ojúlé wa. A kò bá ilé-ìwé jà, a kò sì wí pé kí ọmọ má gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin ìyá, bí ẹ bá ń ṣa obì tàbí ẹ ń to iṣu, ẹ pe ọmọ, kí ẹ jọ kà á sókè. Ẹ̀yin baba, ẹ má ṣe fi ọmọ tí ó bá ṣì í kà ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tí ìyá àgbà bá tún rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́, kí ó má ṣe jẹ́ pé ògbufọ̀ ni yóò wà láàrin wọn.