Òjò Ṣú, NiMet Ń Sọ Òyìnbó

Kí awakọ̀ òfuurufú tó gbéra ní Ìkẹjà, àwọn òṣìṣẹ́ NiMet, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, á ti wo ojú ọ̀run fún un. Wọ́n á ti wọn afẹ́fẹ́, wọ́n á ti wò bí ojú ṣe lè ríran jìnnà tó, wọ́n á sì kọ gbogbo rẹ̀ ní àmì kúkúrú tó kọ́ nílé ẹ̀kọ́. Tó bá ti rí TSRA, ó mọ̀ pé òjò ń rọ̀, ààrá sì ń sán. Kò sẹ́ni tó ní kó lọ wá ògbufọ̀.

A ò bínú awakọ̀ o. Ohun tó tọ́ sí i ni. Ìyá tó ń gbin àgbàdo ní Òkè-Ògùn ńkọ́? Ta ló ń kọ tirẹ̀ ní èdè tó gbọ́?

Wọ́n á ní a ò moore. Lóòótọ́, lọ́dọọdún ni àjọ náà ń sọ ìgbà tí òjò máa bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó máa parí, àti bó ṣe máa pọ̀ tó. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, wọ́n ti ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò. Ó dáa, a kí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún nìyẹn. Òjò tó máa ya lálẹ́ òní ò sí nínú ìwé ọdọọdún. Èyí tí wọ́n ń gbé sórí X lójoojúmọ́, Òyìnbó ni: “isolated thunderstorms”. Ẹ lọ ka ìyẹn fún alátà ní Bódìjà.

Ẹ sì wo ohun tó wà ńbẹ̀. Àkọ́rọ̀ máa ń tan àgbẹ̀. Á rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ilẹ̀ á tutù, àgbẹ̀ á gbin irúgbìn. Òjò á wá dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Irúgbìn á gbẹ mọ́lẹ̀, gbèsè á kù lọ́rùn. NiMet mọ ẹ̀tàn yìí, wọ́n sì ń kìlọ̀ rẹ̀. Ojú ọ̀nà ni ìkìlọ̀ ọ̀hún ń há sí.

Ìlú ńlá náà ò bọ́. Ìbàdàn ò gbàgbé Ògùnpa ti 1980, kò sì gbàgbé omíyalé ti oṣù kẹjọ ọdún 2011. Lọ́dún 2022, ìkún omi pa èèyàn tó lé ní 600 jákèjádò Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ìkìlọ̀ ti jáde ṣáájú. A ò ní èdè nìkan ló fà á. Ilé tí wọ́n kọ́ sójú odò àti pàǹtírí inú gọ́tà wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tí ẹni tó ń gbé etí odò ò gbọ́, ariwo lásán ni.

Ẹlòmíì á ní Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ tó máa gba sáyẹ́ǹsì. Irọ́ ńlá! Èdè tó ní àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò, ọ̀wààrà àti òjò winniwinni, kùrukùru, ìjì, yìnyín, ọyẹ́? Ọ̀rọ̀ ò wọ́n wa. Ẹni tí wọ́n máa gbà síṣẹ́ láti máa fi Yorùbá sọ ọ́ lójoojúmọ́ ló kù.

Ohun tí a ń béèrè ò pọ̀. Ohùn ìṣẹ́jú kan, láràárọ̀, kí àgbẹ̀ tó roko: lórí rédíò, lórí WhatsApp. Kó dárúkọ ìlú, ì báà ṣe Ṣakí tàbí Ìkòròdú. Kó sọ ohun tí a máa ṣe: “Ẹ má tíì gbìn.” “Ẹ kó ọjà kúrò nílẹ̀.” Tí kò bá dájú, kó sọ pé kò dájú, àgbẹ̀ mọ ìyàtọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tó ń fi NiMet ṣe yẹ̀yẹ́ nígbàkúgbà tí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, ẹ yí ariwo yín padà. Lábẹ́ gbogbo ìkìlọ̀ tí wọ́n bá gbé síta, ẹ bi wọ́n pé: Yorùbá rẹ̀ dà? Owó gbogbo wa ni wọ́n fi ra ẹ̀rọ. Kí wọ́n fi èdè gbogbo wa sọ ohun tí ẹ̀rọ rí.