Kí Ẹ Tó Rọ Omi Ẹja Sínú Kẹ́ẹ̀gì, Ẹ Béèrè Ohun Tó Gbé Rí

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja nílé, ì báà jẹ́ ẹja wẹ́wẹ́ aláràbarà nínú àpótí gíláàsì, ì báà jẹ́ ẹja àrọ̀ nínú táǹkì ẹ̀yìnkùlé, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì ni. Tí a bá fẹ́ ra ohun tí a ó máa tọ́jú omi ẹja sí, irú ike tí wọ́n fi ṣe é ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń béèrè. Lójú tèmi, ìbéèrè kejì nìyẹn. Àkọ́kọ́ ni pé: kí ló wà nínú rẹ̀ kó tó dọ́wọ́ yín?

Ní Adó-Èkìtì níbí, kò sílé tí kì í tọ́jú omi pamọ́. Lóòótọ́, dáàmù Ureje wà nínú ìlú, dáàmù Ero náà wà ní Ìkún-Èkìtì, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ ò dé gbogbo ilé. Kànga, omi òjò àti bọ́họ̀ùlù la gbójú lé. Láti Bàsìrì títí dé ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ EKSU ń gbé lọ́nà Ìwòrókò, ẹ ó rí kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò lítà 25 tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà. Púpọ̀ nínú wọn, òróró ló kọ́kọ́ gbé wọ̀lú. Dúróòmù búlúù tí wọ́n ń tà ní tòkunbọ̀ náà ti gbé nǹkan kan rí. Kí ni nǹkan ọ̀hún? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ yí ìdí kẹ́ẹ̀gì sókè, ẹ lè rí àmì onígun mẹ́ta tí nọ́ńbà wà láàárín rẹ̀, láti 1 dé 7. Àwọn oníṣẹ́ ike ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lọ́dún 1988. Nọ́ńbà 2 ni HDPE, ike líle tí wọ́n fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì. Nọ́ńbà 5 ni PP, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ abọ́ oúnjẹ onídèérí. Méjèèjì dára fún omi ẹja. Nọ́ńbà 3 ni PVC. Èyí tó bá rọ̀ nínú rẹ̀ sábà máa ń ní èròjà tí wọ́n fi mú un rọ̀, èyí tó lè yọ́ wọnú omi. Nọ́ńbà 7 ni wọ́n kó gbogbo ike yòókù sí. Polycarbonate tí wọ́n fi BPA ṣe wà lára wọn, irú èyí tí Ìparapọ̀ Yúróòpù fòfin dè nínú ìgò oúnjẹ ọmọ-ọwọ́ lọ́dún 2011.

Ó dáa kí ẹ mọ nọ́ńbà wọ̀nyí. Àmọ́ kí àwọn tó ń ṣa ike fún àtúnlò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Kò sọ fún yín pé inú kẹ́ẹ̀gì mọ́. Kẹ́ẹ̀gì òróró lè ní 2 nídìí, kí kẹ́ẹ̀gì oògùn koríko náà ní 2 nídìí.

Ṣé ẹ rí i, ike kì í ṣe gíláàsì. HDPE máa ń fa àwọn kẹ́míkà kan mọ́ra, pàápàá èyí tó bá fara jọ epo. Ẹ wo kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sá a sóòrùn, ẹ wá rọ omi sí i, kí ẹ dé e pa. Tó bá di ọjọ́ kejì, òórùn kẹrosíìnì ti padà. Ibo ló sá pamọ́ sí? Inú ike gan-an ni. Kẹrosíìnì tiẹ̀ ṣe wá lóore, ó ń rùn. Ọ̀pọ̀ májèlé ló wà tí imú wa ò lè gbọ́ òórùn wọn rárá.

Àwa ń mu omi ní ife kan, ife méjì. Ẹja ń mí nínú tirẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ibi pupa tó fi ń mí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an kí atẹ́gùn lè ráyè wọnú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni májèlé ń gbà wọlé. Àwọn àgbà tó ń ṣe oko kòkó mọ Gamalin 20. Lindane ló wà nínú rẹ̀, kòkòrò ara kòkó ni wọ́n sì ń fi í pa. Àmọ́ àwọn kan ń dà á sódò láti fi pa ẹja. Lọ́dún 2009, wọ́n fi lindane kún àwọn kẹ́míkà tí Àdéhùn Stockholm fẹ́ mú kúrò nílẹ̀ ayé. Kẹ́míkà lè kúrò lọ́jà o, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì kì í jẹrà bọ̀rọ̀.

Àwọn kan á ní, "Ẹja àrọ̀ lágídí, kò sóhun tó máa ṣe é." Òótọ́ ni pé àrọ̀ tó ti dàgbà lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ nínú bàsíà àwọn ẹlẹ́ja ní Ọjà Ọba. Ọmọ àrọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹyin ò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó dàgbà pàápàá, mímí afẹ́fẹ́ ò ní kí májèlé má ràn án.

Àwọn mìíràn á ní kẹ́ẹ̀gì tuntun ti wọ́n jù. Mo gbà. Ẹ má pààrọ̀ gbogbo ti ilé nígbà náà. Ẹ ra ẹyọ kan tàbí méjì, 2 tàbí 5, kí ẹ fi ọ̀dà kọ "OMI ẸJA" sí i lára. Ọṣẹ ò gbọ́dọ̀ kàn án, nítorí ọṣẹ ń ba ibi tí ẹja fi ń mí jẹ́. Ẹ gbé e síbòòji, torí oòrùn ń sọ ike di ẹlẹgẹ́. Kẹ́ẹ̀gì òróró àtijọ́, ẹ máa fi pọnmi ìfọṣọ. Òróró tó bá ṣẹ́kù lè léfòó, kó máa dí atẹ́gùn lọ́wọ́ láti wọnú omi. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tó ní chlorine lẹ ní, ohun ẹlẹ́nu gbígbòòrò ló yẹ ẹ́. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí ẹ̀fọn, kó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24, kí chlorine lè fò lọ.

Kì í ṣe ẹja nìkan ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú ilé wa, kẹ́ẹ̀gì kì í ní iṣẹ́ kan pàtó. Èyí tí ẹ fi pọnmi ẹja lónìí, àbúrò yín lè fi pọnmi mímu lọ́la. Ìlànà FAO àti WHO ni pé kí wọ́n ṣan ike oògùn oko lẹ́ẹ̀mẹta, kí wọ́n dá a lu, kí ẹnikẹ́ni má fi gbé oúnjẹ tàbí omi mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n lóko, ẹ bá wọn sọ ọ́: ìṣó kan péré ló máa gbà. Ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà wa fi dandan lé e pé ike oògùn oko ò gbọ́dọ̀ wà láàárín kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tà.

Abéèrè kì í ṣìnà. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta kẹ́ẹ̀gì, ẹ bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló wà nínú èyí tẹ́lẹ̀?" Tó bá ní òun ò mọ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gbé e sílẹ̀.