ÌRORA LẸ́YÌN IṢẸ́ ABẸ ETÍ

Àwọn àgbà a máa wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan irú oògùn tí à ń fún ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ etí fún.

Bí dókítà bá dí ìlù etí tí ó lu, tàbí tí ó gbẹ́ eegun ẹ̀yìn etí tí ó ti kẹ̀, kò ṣọ̀wọ́n kí ó kọ codeine, tramadol tàbí ọmọ ìyá mọ́fíìnì mìíràn fún aláìsàn. A kò sẹ́ pé wọ́n ń pa ìrora. Ṣùgbọ́n wọ́n a máa fa òòyì àti èébì, bẹ́ẹ̀ sì ni inú etí gan-an ni ohun tí ń mú ènìyàn dúró ṣánṣán wà. Èyí tí ó burú jù ni pé wọ́n lè di bárakú.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn oògùn ìdílé yìí, èyí tí dókítà kọ àti èyí tí a ń tà lábẹ́lẹ̀, pa ènìyàn tí ó ju 47,000 lọ ní ọdún 2017. Níhìn-ín, ìwádìí ọdún 2018 tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 4.6 ará Nàìjíríà ni ó ń lò wọ́n ní ìlòkulò. Ní ọdún náà ni ìjọba fi òfin de oògùn ikọ́ olómi tí ó ní codeine.

Kí wá ni ṣíṣe? Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn etí, imú àti ọ̀fun ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà kan jáde: kí dókítà ṣàlàyé fún aláìsàn, kí ó tó fi ọ̀bẹ kàn án, bí ìrora náà yóò ti rí, kí ó kọ́kọ́ lo paracetamol àti irú ibuprofen, bí ìyẹn kò bá tó, kí ó fi ìwọ̀nba díẹ̀ kún un láti inú ìdílé mọ́fíìnì. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ tún máa ń fún ẹ̀yìn etí ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ibẹ̀ kú kí aláìsàn tó jí. Kí aláìsàn máa lo oògùn rẹ̀ ní wákàtí tí a dá fún un; kí ó má ṣe dúró di ìgbà tí ìrora bá gbóná janjan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú tàbí àrùn kíndìnrín kò gbọdọ̀ lo ibuprofen láìbi dókítà.

A kò wí pé kí a fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ìrora. Ẹni tí àrùn jẹjẹrẹ ń dá lóró ní ẹ̀tọ́ sí mọ́fíìnì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi dù ú. Ohun tí a ń bẹ àwọn ilé ìwòsàn wa ni pé kí wọ́n fi ìwọ̀n oògùn ṣe déédéé ìwọ̀n ìrora. Ẹ̀yin òbí pẹ̀lú, ẹ má ṣe fi èyí tí ó ṣẹ́kù sí ibi tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Ẹ dá a padà fún apòògùn.