Àwọn Ọmọ Atlanta Tí Wọ́n Hó Lé Lórí

Orin rap tí àwọn ọmọ yín ń gbọ́, Bronx ní New York ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1973. Àwọn ará ibẹ̀ sì gbà pé tàwọn nìkan ló dáa. Nígbà tí Outkast, ọmọkùnrin méjì láti Atlanta, gba ẹ̀bùn ní New York ní 1995, èrò hó lé wọn lórí. Ará gúúsù ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn ń fà nílẹ̀. (Ta ni nínú wa tí kò tíì fi ohùn Ìjẹ̀ṣà ṣẹ̀rín rí?) Wọn kò torí ariwo yí ohùn padà. Ní 2004, àwo wọn gba Grammy, ẹ̀bùn àwo tó ta yọ jù lọ́dún. Lónìí, àwọn ọmọ New York pàápàá ń kọrin sí ìlù Atlanta.