Ẹ Má Fi Bootloader Àtijọ́ Gbàlejò Kernel Tuntun

Láàárín àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà kéékèèké bíi Cubieboard2 àti Banana Pi ṣiṣẹ́, tí ṣíìpù Allwinner A20 ọlọ́pọlọ méjì wà nínú wọn, ìmọ̀ràn kan wà tí ó ti di àṣà, tí a sì ń fi ẹnu àgbà sọ fún àwọn ọ̀dọ́, pé bootloader, ètò tí ń gbé kernel dìde bí a bá tan ẹ̀rọ, bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án. Èmi kò fara mọ́ ọn, n kò sì ní fi í sábẹ́ ahọ́n sọ: ìmọ̀ràn yìí gan-an ni ó ń sọ ọlọ́pọlọ méjì di ọlọ́pọlọ kan.

Àwọn tí ó gba ìmọ̀ràn náà a gbé kernel tuntun wọlé, ẹ̀rọ a sì jí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ àṣẹ nproc, tí ń ka iye ọpọlọ tí ń ṣiṣẹ́, èsì rẹ̀ a jẹ́ 1. Kíá ni wọn a dá kernel lẹ́bi. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ ní bọ́ọ̀dù ti kú lápá kan, wọn a sì lọ ra òmíràn. Ẹ̀yìnkùlé lọ́tàá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé.

Linux, kernel arìnká-ayé-má-rẹ̀ tí Linus Torvalds bí ní Finland ní 1991, kò ní ọ̀nà ti ara rẹ̀ láti jí ọpọlọ kejì A20. Ìlànà tí a ń pè ní PSCI ni ó fi ń bẹ ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ dé inú ẹ̀rọ pé kí ó bá òun jí i, ẹni náà sì ni U-Boot, bootloader náà, tí ó ń fi iṣẹ́ PSCI pamọ́ sí apá mẹ́mọ́rì tí ọwọ́ kernel kò gbọdọ̀ dé, tí ó sì ń kọ ọ̀nà àtibẹ̀ ẹ́ sínú device tree, ìwé tí kernel ń kà láti mọ ohun tí ń bẹ lórí bọ́ọ̀dù. Ọdún 2014 ni U-Boot ti gbogbogbòò gba iṣẹ́ yìí fún A20. Èyí tí àwọn oníṣòwò kó jáde ṣáájú rẹ̀ kò mọ PSCI rí. Kernel a ka ìwé náà tán, kò ní rí ẹni tí yóò bẹ̀, yóò sì fi ọpọlọ kejì sílẹ̀ lójú oorun. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹni tí ó bá sì ń pín kernel fún ayé láìsọ irú U-Boot tí yóò bá a rìn, iṣẹ́ àbọ̀ ni ó jẹ́.

Wọ́n ní ẹ̀rù ikú bọ́ọ̀dù ni ó ń ba àwọn. Ẹ̀rù wo? Inú ROM A20 fúnra rẹ̀ ni a ti kọ ọ́ pé kí ó kọ́kọ́ yẹ káàdì SD wò kí ó tó wo NAND, ibi ìpamọ́ orí bọ́ọ̀dù. Bí kò bá sì rí nǹkan kan níbi gbogbo, a bọ́ sí ipò FEL, níbi tí a ti lè fi okùn USB gbé U-Boot fún un láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn. Kò sí àṣìtẹ̀ tí ó lè pa ROM rẹ́. Kọ U-Boot tuntun sórí káàdì mìíràn, dán an wò. Bí kò bá wù ọ́, yọ káàdì náà, ti àtijọ́ ṣì wà níbi tí ó wà.

Àwọn tí ó ṣì di kernel 3.4 àtijọ́ mú nítorí fídíò nìkan ni mo lè gbọ́ àwíjàre wọn díẹ̀. Síbẹ̀, àwọn tí ń kọ́ U-Boot ti ro tiwọn mọ́ ọn, wọ́n sì pèsè OLD_SUNXI_KERNEL_COMPAT, àṣàyàn tí ó ń jẹ́ kí U-Boot tuntun lè gbé kernel àtijọ́ dìde, tí a ń yàn nígbà tí a bá ń kọ́ U-Boot.