Ẹ̀kọ́ ilé tí kò mọ Ọ̀tà

Ilé là á ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òbí Kristẹni tó yàn láti kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé ní Ọ̀tà kò ṣẹ̀. Ìwé tó gbé lé ọmọ lọ́wọ́ ló yẹ kó yẹ̀ wò. Ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún. Ọmọ á mọ odò Mississippi, kò ní mọ ìdí tí ilé-iṣẹ́ ńlá fi pọ̀ ní Ṣàngó Ọ̀tà: Èkó wà nítòsí, ọ̀nà Abẹ́òkúta gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Ìdíìrókò sì já sí ẹnubodè Benin.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìtàn ìbílẹ̀ lòdì sí ìgbàgbọ́. Àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà ní 1842. Ní 1854, James White, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sàró, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìyìnrere ìjọ CMS níbẹ̀. Ìtàn ìlú àti ìtàn ìjọ ti wọnú ara wọn.

Ìjọba àpapọ̀ yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní 2007, kó tó wá dá a padà. Kò sẹ́ni tó pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún ìyá tó ń kọ́ ọmọ nílé. Bí ìtàn Àwórì kò bá sí lórí tábìlì rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́.