Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Yan Akápò Ìpínlẹ̀?

Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Koumassi Remblais, ní ìlú Abidjan ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, kì í gbàgbé ilé. Ìbáà ṣe ọmọ Ẹjìgbò, ìbáà ṣe ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ti Ọ̀fà, olúkúlùkù ni ó ní ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ó ń bá ṣe ìpàdé. Ní ọjọ́ ìpàdé ni a ń san owó ẹgbẹ́, ibẹ̀ ni a ti ń dá owó fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ibẹ̀ náà ni a sì ti ń ya owó sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tí a bá fẹ́ ṣe sílé. Owó náà kò tó nǹkan lójú olówó, ṣùgbọ́n òógùn ojú àwọn oníṣòwò kéékèèké ni, wọn kò sì fi í ṣeré.

Ní ọjọ́ kan tí a fẹ́ yan àwọn olóyè ẹgbẹ́ wa, alága dìde, ó ní kí a má fi àkókò ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ akápò, nítorí pé òun ti rí ẹni tí ó tọ́, òun yóò sì fi í sí ipò náà. Ẹni tí ó dárúkọ jẹ́ ènìyàn rere, kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀sùn kan sí i. Ṣùgbọ́n ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní ọjà dìde, ó ní: “Alága, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin ni ẹ ń pàṣẹ pé kí a náwó. Bí ó bá tún jẹ́ ẹ̀yin ni ẹ ó yan ẹni tí yóò máa di àpò mú, ta ni yóò lè sọ fún yín pé owó kò sí?” Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Alága rẹ́rìn-ín, ó jókòó, a sì dìbò.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni mo gbé tọ ẹ̀yin olùkọ́ wá, níbikíbi tí ẹ bá wà ní orílẹ̀-èdè wa. Mo ní ohun tí kò tọ́ nínú ẹgbẹ́ tí kò ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ, kò lè tọ́ nínú ìpínlẹ̀ tí ó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ará ìlú ni ó ni owó. Ará ìlú ni ó sì yẹ kí ó máa dìbò yan akápò ìpínlẹ̀, kì í ṣe gómìnà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀ràn ti rí nílé. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 120, pa á láṣẹ pé kí owó tí ó bá wọlé fún ìpínlẹ̀ máa bọ́ sínú àpò kan ṣoṣo, àfi èyí tí òfin bá yà sọ́tọ̀. Ta ni ó ń ṣọ́ àpò náà? Olùṣirò owó àgbà ni. Ta ni ó yan olùṣirò owó àgbà? Gómìnà ni. Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìnáwó ńkọ́? Gómìnà ni ó yan òun náà, bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tilẹ̀ ní láti fọwọ́ sí i. Àní ayẹ̀wé-owó-wò àgbà, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú àṣírí ẹni tí ó bá ṣi owó ná, gómìnà kan náà ni abala 126 fún ní agbára láti yàn án, nígbà tí àjọ tí ń gba òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti dárúkọ rẹ̀, tí àwọn aṣòfin sì ti gbà. Ẹni tí ń pàṣẹ ìnáwó ni ó yan ẹni tí ń san owó, òun náà ni ó tún yan ẹni tí yóò yẹ ìwé owó wò. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú títí kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìpínlẹ̀ 36 ni a ti ń retí kí ọ̀bẹ gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, ẹnu sì ń yà wá nígbà tí kò bá gbẹ́ ẹ.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú nìkan ni èyí, kí ó rántí ọdún 2015. Ní ọdún náà, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ni ó jẹ àwọn òṣìṣẹ́ wọn ní owó oṣù, láìyọ olùkọ́ sílẹ̀, títí ìjọba àpapọ̀ fi ní láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwa tí a wà ní Koumassi mọ ọdún náà dáadáa, nítorí pé owó sẹ́fà tí à ń fi ránṣẹ́ sílé nígbà náà kì í ṣe owó ìnáwó ìyàwó tàbí owó ọdún mọ́. Owó oúnjẹ ni. Òtítọ́ ni pé iye owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí owó bá kù díẹ̀ nínú àpò gan-an ni ó yẹ kí a mọ ẹni tí a kọ́kọ́ san fún, kí a sì mọ ìdí rẹ̀. Olùkọ́ tí kò rí owó oṣù gbà bi ọ̀gá ilé-ìwé, ọ̀gá ní òun kò mọ̀. Ó bi àwọn ará ọ́fíìsì, wọ́n ní àṣẹ kò tíì dé láti òkè. Olùṣirò owó àgbà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́, nítorí pé ẹni tí ó gbé e gun orí àga lè gbé e sọ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Bí ó bá jẹ́ ìbò yín ni ó gbé e débẹ̀, ẹ̀yin ni ì bá máa bẹ̀rù.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò yóò wí. Wọn yóò kọ́kọ́ wí pé iṣẹ́ ìmọ̀ ni iṣẹ́ akápò, àti pé kò yẹ kí a fi í sí ẹnu àwọn tí kò lọ sí ilé-ìwé. Mo dáhùn pé a kò ní kí gómìnà mú ìwé ẹ̀rí ìṣirò owó wá kí a tó fún un ní àṣẹ láti ná owó. Èé ṣe tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí a bá fẹ́ yan ẹni tí yóò ṣọ́ owó náà ni ará ìlú di òpè? Òfin lè pa á láṣẹ pé ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ akápò gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó, kí ará ìlú sì yan ọ̀kan nínú àwọn tí ó yẹ. Ìwé ẹ̀rí dára, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 ni àjọ EFCC mú olùṣirò owó àgbà fún ìjọba àpapọ̀, ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ náà dáadáa tí a sì yàn sípò láìsí ìbò. Ní oṣù keje ọdún náà ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ lórí owó tí ó lé ní bílíọ̀nù 109 náírà. Ó ní òun kò jẹ̀bi, èmi kò sì fẹ́ gba iṣẹ́ adájọ́ ṣe. Ohun tí mo ń wí ni pé yíyàn tí aláṣẹ ń yan ọmọṣẹ́ kò tíì fi ọkàn ará ìlú balẹ̀ rí.

Àwọn mìíràn yóò sì wí pé: “Ẹ wo ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí púpọ̀ jù nínú àwọn ìpínlẹ̀ 50 ti ń dìbò yan akápò wọn. Ǹjẹ́ ìbò gbà wọ́n lọ́wọ́ àdánù?” Ọ̀rọ̀ gidi ni èyí, n kò sì ní sá fún un. Ní ìpínlẹ̀ California, ẹkùn kan wà tí à ń pè ní Orange County, tí ará ìlú ti ń dìbò yan akápò. Robert Citron ti wà ní ipò náà fún ohun tí ó ju 20 ọdún lọ. Ó ń yá owó lé owó ìlú, ó sì ń fi í dókòwò, nítorí ó gbà pé èlé owó kò ní gbówó lórí. Ní ọdún 1994, olùṣirò owó kan, John Moorlach, bá a du ipò, ó sì ń kéde káàkiri pé ewu ń bẹ. Àwọn olùdìbò kò gbọ́. Citron ni wọ́n tún yàn ní oṣù kẹfà. Báńkì àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ èlé owó di púpọ̀, àdánù tí ó ju bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ dọ́là lọ ṣẹlẹ̀, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún náà, Orange County lọ kéde ní ilé ẹjọ́ pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Moorlach tí wọn kò gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa? Alátakò yóò ní ó kọ́ wa pé ìbò kò dára. Èmi ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Nítorí pé ìbò wà, ẹnì kan rí àyè láti dúró ní gbangba kí ó sì ké gbàjarè ní oṣù mẹ́fà kí ilé tó wó. Níbi tí a kì í ti í dìbò, ta ni ì bá ké? Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣirò, wọn kò sì ní ìmọ̀ tí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ojú kò bá ríran, a kì í yọ ojú dànù. A máa ń wá oògùn sí i ni.

Wọn yóò tún mẹ́nu kan ìpínlẹ̀ Texas, tí ó pa ipò akápò rẹ́. Òótọ́ ni. Ní ìgbà ìbò ọdún 1994, Martha Whitehead tí ó wà ní ipò náà sọ fún ará ìlú pé kí wọ́n pa ipò òun rẹ́, nítorí pé ọ́fíìsì mìíràn lè ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n yàn án, ní oṣù kọkànlá ọdún 1995 wọ́n dìbò fọwọ́ sí ìmọ̀ràn rẹ̀, ipò náà sì parí ní ọdún 1996. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ìtàn náà tán. Ọwọ́ ọ̀gá olùṣirò owó ìpínlẹ̀ ni iṣẹ́ náà bọ́ sí, ará ìlú ni ó sì ń dìbò yan òun náà. Àwọn tí ó ni owó ni ó dá ipò sílẹ̀, àwọn ni ó pa á rẹ́, àwọn náà ni ó sì tún ń yan ẹni tí ó gba iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù.

Àwọn ará ilé mi níhìn-ín a máa bi mí pé, ní Côte d'Ivoire tí mo ń gbé, ṣé à ń dìbò yan akápò? Rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun kan tí ó yẹ kí ojú tì wá pé a kò mú le tó nílé. Ní Koumassi, ìgbìmọ̀ ìlú tí a dìbò yàn ni ó ń yan olórí ìlú, tí wọ́n ń pè ní mẹ́ẹ̀rì. Ó sì ní àṣẹ láti pàṣẹ ìnáwó, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń san owó. Òṣìṣẹ́ kan tí ó ti ọ̀dọ̀ ilé ìṣúra ìjọba wá ni ó ń di àpò mú, mẹ́ẹ̀rì kọ́ ni ó gbà á síṣẹ́. Bí àṣẹ ìnáwó kò bá bá òfin mu, ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀. Bí ó bá sì san ohun tí kò yẹ kí ó san, òfin lè mú un kí ó san án padà láti inú àpò ara rẹ̀. Mi ò sọ pé ètò yìí kò ní àléébù o, nítorí pé ìjọba náà ni ó yan àwọn méjèèjì tí ó ń ṣọ́ ìṣúra lókè. Ṣùgbọ́n ó gba ohun kan gbọ́ tí ìyá aláṣọ wa náà gbà gbọ́: ọwọ́ tí ń pàṣẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọwọ́ tí ń sanwó.

Kí ni mo wá ń fẹ́? Èkíní, kí a fi ipò akápò ìpínlẹ̀ sínú òfin ìpìlẹ̀, kí ó jẹ́ ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ìṣirò owó, kí ará ìlú sì dìbò yàn án lọ́tọ̀, kì í ṣe kí ó wà lórí ìwé ìbò kan náà pẹ̀lú gómìnà. Èkejì, kí gómìnà má lè yọ ọ́ níṣẹ́. Ẹ̀kẹta, kí ó máa ka ìwé owó sétí ìlú ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ní èdè tí àwọn ará ìlú ń sọ: èyí tí ó wọlé, èyí tí ó jáde, ẹni tí a san án fún, àti èyí tí ó kù. Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Láti tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe, àwọn aṣòfin àpapọ̀ gbọ́dọ̀ gbà á pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24, ó kéré tán, sì gbà á pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣòro kọ́ ni ohun tí kò ṣeé ṣe.

Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí olùkọ́, tí n kò kọ ọ́ sí olóṣèlú. Ìbò tí Orange County dì fi hàn pé olùdìbò tí kò mọ ìwé owó kà yóò yan ẹni tí ẹnu rẹ̀ dùn, yóò sì sunkún lẹ́yìn. Ẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò lójoojúmọ́. Dípò kí ẹ bi wọ́n ní iye ọsàn tí ó kù lẹ́yìn tí ẹnì kan ti jẹ méjì, ẹ gbé ètò ìṣúná ìpínlẹ̀ yín ka iwájú wọn. Ẹ bi wọ́n pé: èló ni a ní a ó fi kọ́ ilé-ìwé? Èló ni a ná? Níbo ni ìyókù wà? Ọmọ tí ó bá ti ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ọdún 12, kò sí akápò tí yóò lè tàn án jẹ nígbà tí ó bá di ẹni ọdún 18 tí ó lọ dìbò.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Gómìnà ti ń fi ojú tirẹ̀ bá wa ṣọ́ àpò wa tipẹ́, a sì ti rí ohun tí ó kù níbẹ̀. Ìyá aláṣọ wa kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi alága. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé, ẹ má jẹ́ kí a fi ìbéèrè náà sílẹ̀ fún òun nìkan.